Ẹ̀rí Tí A Fi Ọ̀nà Àìtọ́ Kó Jọ: Ìtàn Òfin Lórí Yíyẹ Ibi Iṣẹ́ Dókítà Wò Nínú Ẹjọ́ Jìbìtì Ìlera, Títí Dé Kabusa

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí tọpa ìtàn ìbéèrè kan tó ti pẹ́ nínú òfin: bí agbófinró bá wọ ibi iṣẹ́ dókítà lọ́nà tí òfin kò fọwọ́ sí, tó sì rí ẹ̀rí jìbìtì níbẹ̀, ṣé kí ilé-ẹjọ́ gba ẹ̀rí náà wọlé ni tàbí kí ó tì í síta? A bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1765, a gba Amẹ́ríkà àti Kenya kọjá, a sì dé orí Òfin Ẹ̀rí Nàìjíríà ti 2011, èyí tó de àwa tí à ń gbé ní Kabusa àti níbòmíràn ní Abuja. Èrò wa ni pé abala 14 àti 15 òfin náà fi òṣùwọ̀n tó dára lé adájọ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n tí ará ìlú kò mọ̀ pé ó wà kò lè gbà wọ́n. A fi àbá tó kan àwa olùkọ́ àwọn olùkọ́ kádìí ọ̀rọ̀ wa.

Ìfáàrà

Ẹni tó bá ń gbé Kabusa, ní abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ AMAC, kò ní rìn jìnnà kó tó rí pátákó kílíníìkì aládàáni. Ilẹ̀ àwọn Gbagyi ni ibẹ̀ kí ìjọba àpapọ̀ tó fi òfin dá Olú-ìlú Àpapọ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì, 1976. Lónìí, onírúurú ẹ̀yà ló ń gbé ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n ń yọ owó adójútòfò ìlera nínú owó oṣù wọn kó tó dé ọwọ́ wọn. Àwa náà wà lára wọn.

Ní ọ̀kan nínú irú kílíníìkì bẹ́ẹ̀, fáìlì wa wà níbẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀ lójú ẹlòmíràn: bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ru sókè, oògùn tí à ń lò, èsì àyẹ̀wò tí a kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ẹbí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ojú tiwa wò ó, ìdajì ayé wa ló wà nínú páálí pélébé yẹn. Ibẹ̀ náà, ẹ̀wẹ̀, ni ẹ̀rí yóò wà bí kílíníìkì bá ń sọ fún ilé-iṣẹ́ adójútòfò pé òun tọ́jú ẹni tí òun kò tọ́jú. Páálí kan náà ni àṣírí aláìsàn àti ẹ̀rí olè jọ ń gbé. Ìdí nìyí tí ìbéèrè nípa yíyẹ ibi iṣẹ́ dókítà wò fi le ju ti yíyẹ ṣọ́ọ̀bù oníṣòwò wò lọ.

Àpilẹ̀kọ yìí kì í ṣe ti agbẹjọ́rò. Olùkọ́ èdè Yorùbá ni wá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òfin kì í ṣe ti àwọn tó ń wọ wíìgì nìkan. Ọ̀rọ̀ ọmọ ìlú ni, àwa la sì ń kọ́ àwọn tí yóò kọ́ ọmọ ìlú.

Yíyẹ ilé wò lójú àwọn àgbà wa

Kí a tó lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, ó yẹ kí a rántí ohun tí à ń bá nílé. Ohun tí a gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà ni pé bí nǹkan bá sọnù ní agboolé, ẹni tó ń wá a kì í ṣàdédé ta wọ yàrá aládùúgbò. Baálé ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. Bí ó bá wá di dandan kí a wo inú yàrá ẹnìkan, ojú onílé àti ojú ẹlòmíràn ni a ó fi wò ó. Ìdí méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní, kí ẹni tó ń wá nǹkan má baà fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ohun tó sọnù sí abẹ́ ibùsùn ẹni tí kò fẹ́ràn. Èkejì, kí ìtìjú má baà bá ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀.

Nítorí náà, èrò pé ọ̀nà tí a gbà rí ẹ̀rí ṣe pàtàkì bí ẹ̀rí náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Agbófinró tí ìjọba rán níṣẹ́ líle, ọwọ́ rẹ̀ ló kù sí láti jẹ́ iṣẹ́ náà bí ọmọlúàbí.

Láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé Amẹ́ríkà

Ní oṣù Kọkànlá, 1762, àwọn ìránṣẹ́ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì já wọ ilé òǹkọ̀wé kan tó ń jẹ́ John Entick ní Lọ́ńdọ̀nù. Wákàtí bíi mélòó kan ni wọ́n fi tú ilé náà yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́, tí wọ́n já àpótí, tí wọ́n sì kó ìwé lọ. Ìwé àṣẹ tí mínísítà ọba, Earl of Halifax, fún wọn ni wọ́n gbójú lé. Entick pè wọ́n lẹ́jọ́. Ní 1765, adájọ́ Lord Camden dá a láre pé kò sí òfin kankan tó fún mínísítà ní agbára láti fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti di mímọ̀ pé àṣẹ ìjọba nìkan kò tó láti ṣí ilẹ̀kùn onílé. Òfin ni yóò ṣí i.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun kan. Owó ìtanràn ni Entick gbà. Ilé-ẹjọ́ kò sọ pé ẹ̀rí tí wọ́n bá fi irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ rí kò ní wúlò. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn adájọ́ Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ gbangba, pàápàá nínú ẹjọ́ R v. Leatham ti 1861, pé bí ẹ̀rí bá ti bá ẹjọ́ mu, kò kan ilé-ẹjọ́ bí a ṣe rí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣe ni wọ́n jí i.

Amẹ́ríkà gba ọ̀nà mìíràn. Àtúnṣe Kẹrin sí ìwé òfin wọn, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1791, sọ pé ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ dárúkọ ibi tí wọn yóò yẹ̀ wò àti ohun tí wọn yóò kó ní pàtó. Ní 1914, nínú ẹjọ́ Weeks v. United States, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ wọn pàṣẹ pé ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ kò gbọdọ̀ lo ẹ̀rí tí òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kó láìní àṣẹ. Ó di 1961 kí òfin yìí tó de gbogbo ìpínlẹ̀. Obìnrin aláwọ̀ dúdú kan ní Cleveland, Dollree Mapp, ló fà á. Ní oṣù Karùn-ún, 1957, àwọn ọlọ́pàá já ilẹ̀kùn rẹ̀. Nígbà tó bi wọ́n léèrè ìwé àṣẹ, wọ́n ju bébà kan lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ní ilé-ẹjọ́ a kò rí ìwé àṣẹ kankan. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ da ẹ̀rí náà nù.

Èrò tó wà nídìí ìdájọ́ yìí rọrùn: bí a bá jẹ́ kí ọlọ́pàá jèrè nínú ìrúfin rẹ̀, kò ní dẹ́kun rẹ̀. Owó ìtanràn kò tó. Ẹ̀rí gan-an ni kí a gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Dókítà, Medicare àti ìwé àṣẹ tó fẹjú jù

Ní ọjọ́ 30 oṣù Keje, 1965, Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí òfin tó dá Medicare sílẹ̀ fún àwọn arúgbó àti Medicaid fún àwọn tálákà. Láti ọjọ́ yẹn ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ń san owó ìtọ́jú fún dókítà lórí ohun tí dókítà bá kọ sínú ìwé. Ibi tí owó bá wà tí ó sì jẹ́ pé ẹnu ẹni tí yóò gbà á la ó ti gbọ́ iye rẹ̀, jìbìtì kò ní jìnnà síbẹ̀. Bí àwọn agbófinró ṣe bẹ̀rẹ̀ sí yẹ ibi iṣẹ́ dókítà wò nìyẹn.

Ẹjọ́ tó kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni United States v. Abrams, tí Ilé-Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn tó wà ní Boston dá ní 1980. Àwọn agbófinró ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́. Wọn kò já ilẹ̀kùn láìgbàṣẹ. Ìwé àṣẹ náà ní kí wọ́n kó àwọn àkọsílẹ̀ ìṣòwò, ti owó àti ti ìtọ́jú aláìsàn tó fi iṣẹ́ tí àwọn dókítà ṣe hàn àti èyí tí wọ́n parọ́ pé àwọn ṣe. Kò dárúkọ aláìsàn kankan. Kò sọ ọdún tàbí oṣù tí ọ̀rọ̀ kàn. Báwo ni ẹni tó dúró níwájú kọ́bọ́ọ̀dù fáìlì yóò ṣe mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ irọ́? Kò lè mọ̀ ọ́n. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n kó gbogbo fáìlì Medicare àti Medicaid, wọ́n sì kó lára ti àwọn aláìsàn tí kò sí nínú ètò náà rárá. Ilé-ẹjọ́ ní ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀ fẹjú jù, wọ́n sì kọ ẹ̀rí náà.

A kò gbọdọ̀ rò pé gbogbo ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà ló ń rí bẹ́ẹ̀. Ní 1976, nínú Andresen v. Maryland, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ gba ìwé tí wọ́n kó ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò kan nínú ẹjọ́ jìbìtì ilẹ̀, nítorí pé jìbìtì tó lọ́jú pọ̀ ń béèrè pé kí a to ìwé púpọ̀ papọ̀ kí àwòrán tó jáde. Ní 1984, nínú United States v. Leon, wọ́n tún sọ pé bí ọlọ́pàá bá fi ọkàn rere gbẹ́kẹ̀ lé ìwé àṣẹ tí adájọ́ fún un, a kò ní torí àṣìṣe adájọ́ da ẹ̀rí nù. Àwọn fúnra wọn ń wá ibi tí òṣùwọ̀n yóò ti dọ́gba.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà yí padà nígbà tó yá. Òfin ọlọ́pàá wọn ti 1984 fún adájọ́ ní àyè, ní abala 78, láti kọ ẹ̀rí tó lè ba òdodo ẹjọ́ jẹ́. Òfin náà tún ya àkọsílẹ̀ ìlera ènìyàn sọ́tọ̀ sí ìsọ̀rí àkànṣe kan, tí ìwé àṣẹ lásán láti ọ̀dọ̀ májísíréètì kò tó láti fi kó o. Èyí fi hàn pé fáìlì aláìsàn kì í ṣe ẹgbẹ́ ìwé ọjà.

Ọta ìbọn méjì ní Kenya, àti bí wọ́n ṣe dé Nàìjíríà

Ṣùgbọ́n kì í ṣe òfin Amẹ́ríkà ni a jogún. Ti Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni, ọ̀nà Kenya ló sì gbà dé ọ̀dọ̀ wa.

Nígbà ogun Mau Mau, òfin pàjáwìrì ní Kenya sọ pé ọlọ́pàá tí ipò rẹ̀ kò bá tó ti igbákejì ìnsípẹ́kítọ̀ kò gbọdọ̀ yẹ ara ẹnikẹ́ni wò. Àwọn ọlọ́pàá tí ipò wọn kò tó bẹ́ẹ̀ dá ọkùnrin kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ dúró, Kuruma ọmọ Kaniu. Wọ́n ní àwọn bá ọta ìbọn méjì àti ọ̀bẹ pélébé kan lára rẹ̀. Wọn kò mú ọ̀bẹ náà wá sí ilé-ẹjọ́. Nítorí ọta méjì yẹn, ikú ni ìdájọ́ rẹ̀. Ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ Ìgbìmọ̀ Olùdámọ̀ràn Ọbabìnrin ní Lọ́ńdọ̀nù, tó jẹ́ òpin ẹjọ́ fún àwọn ilẹ̀ amúnisìn nígbà náà. Lord Goddard ló ka ìdájọ́: bí ẹ̀rí bá ti bá ọ̀rọ̀ mu, ilé-ẹjọ́ kò ní bìkítà nípa bí a ṣe rí i. Ìdájọ́ náà wà nínú ìwé ẹjọ́ ti 1955.

Nàìjíríà náà wà lábẹ́ ìgbìmọ̀ yìí nígbà náà. Òfin Ẹ̀rí wa, tí wọ́n ṣe ní 1943 tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1945, kò sọ ohunkóhun nípa ẹ̀rí tí a fi ọ̀nà àìtọ́ rí. Àlàfo yẹn ni Kuruma dí. Lẹ́yìn òmìnira, ní 1968, nígbà tí Sir Adetokunbo Ademola jẹ́ Adájọ́ Àgbà, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ wa fi ọwọ́ sí i nínú ẹjọ́ Musa Sadau v. The State pé àìtọ́ nínú yíyẹ ilé wò kò ba ẹ̀rí jẹ́. Báyìí ni ọta ìbọn méjì tí a rí lára ọkùnrin kan nínú ogun àwọn ẹlòmíràn ṣe di òfin lórí kọ́bọ́ọ̀dù wa fún ohun tó lé ní ogójì ọdún.

Ohun tó yẹ kó bà wá lọ́kàn jẹ́ ni pé Kenya fúnra rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀. Abala 50 ìwé òfin wọn ti 2010 ní kí ilé-ẹjọ́ kọ ẹ̀rí tí a fi ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ẹ̀tọ́ rí bí gbígbà á yóò bá ba òdodo ẹjọ́ jẹ́ tàbí tí yóò bá ba iṣẹ́ ìdájọ́ jẹ́. Gúúsù Áfíríkà ti ṣe irú rẹ̀ nínú ìwé òfin wọn ti 1996. Ní 2018, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ilẹ̀ Ghana kọ ohùn tẹlifóònù tí ẹnìkan gbà sílẹ̀ láìjẹ́ kí ẹnìkejì mọ̀.

Òfin 2011 àti ti 2015

Nàìjíríà náà gbé ẹsẹ̀ ní 2011. Abala 14 Òfin Ẹ̀rí tuntun sọ pé ilé-ẹjọ́ yóò gba ẹ̀rí tí a fi ọ̀nà àìtọ́ rí, àyàfi bí ilé-ẹjọ́ bá rí i pé aburú tó wà nínú gbígbà á wúwo ju àǹfààní rẹ̀ lọ. Abala 15 wá ka ohun méje tí adájọ́ gbọ́dọ̀ gbé sórí òṣùwọ̀n: bí ẹ̀rí náà ṣe lágbára tó; bó ṣe ṣe pàtàkì sí ẹjọ́ tó; irú ẹ̀sùn tó jẹ́; bí àìtọ́ náà ṣe burú tó; bóyá wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí wọ́n ṣe é láìbìkítà; bóyá wọ́n ti gbé ìgbésẹ̀ mìíràn lórí àìtọ́ náà tàbí wọ́n máa gbé e; àti bó ṣe nira tó láti rí ẹ̀rí náà lọ́nà tó tọ́.

Ẹni tó bá ka òfin ẹ̀rí Ọsirélíà ti 1995 yóò rí i pé ọ̀rọ̀ wọ̀nyí jọ ti abala 138 wọn púpọ̀. Ṣùgbọ́n a yí ìdí ìkòkò padà. Ní Ọsirélíà, wọn kò ní gba irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ àyàfi bí àǹfààní rẹ̀ bá wúwo jù. Ní ọ̀dọ̀ wa, a ó gbà á àyàfi bí aburú rẹ̀ bá wúwo jù. Ẹrù náà kúrò lórí ìjọba, ó bọ́ sórí ẹni tí wọ́n yẹ ibi iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ojú Kuruma ṣì ń yọ lábẹ́ aṣọ tuntun.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni Òfin Ìṣàkóso Ìdájọ́ Ọ̀ràn dé, èyí tó de ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ àti ti Abuja ní tààrà. Ó ní kí ẹni tó ń béèrè ìwé àṣẹ búra, kí ó sì kọ ohun tó mú un fura sílẹ̀. Ó ní kí ẹlẹ́rìí méjì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń yẹ ibẹ̀ wò, ẹni tí wọ́n wá bá sì lè mú ẹlẹ́rìí tirẹ̀ láti àdúgbò. Ìlànà baálé àti ẹlẹ́rìí tí a sọ lókè ni òfin yìí mú padà wá, bí ẹni pé ó ti bá àwọn àgbà wa sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ó mú nǹkan kan kúrò. Òfin 1945, tí wọ́n ń lò ní Gúúsù, ní kí wọ́n má ṣe yẹ ilé wò ju láàrin aago márùn-ún ìdájí sí aago mẹ́jọ alẹ́ lọ, àyàfi bí ilé-ẹjọ́ bá fún wọn láyè. Ti 2015 ní kò sí àkókò tí kò dára. Ní oṣù Kẹwàá, 2016, nígbà tí òṣìṣẹ́ ọtẹlẹ̀múyẹ́ wọ ilé àwọn adájọ́ mélòó kan lóru, tó fi mọ́ ti Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, gbogbo ìlú ló ń bi ara wọn léèrè bí èyí ṣe bá òfin mu. Ìgbà tí ilẹ̀kùn adájọ́ mì ni ọ̀pọ̀ tó rántí pé ilẹ̀kùn mẹ̀kúnnù ti ń mì tipẹ́.

Kabusa: fáìlì aláìsàn lórí òṣùwọ̀n

Ètò adójútòfò ìlera wa, tí òfin 1999 dá sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní 2005. Òfin NHIA ti 2022 gba ipò rẹ̀, ó sì sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo olùgbé orílẹ̀-èdè yìí. Bí owó ṣe ń rìn nìyí: kílíníìkì ń gba owó orí lóṣooṣù lórí ẹni tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, yálà ẹni náà wá tàbí kò wá. Bí àìsàn bá ju ti ìpìlẹ̀ lọ, ilé-ìwòsàn yóò gba nọ́ńbà àṣẹ lọ́wọ́ HMO, yóò tọ́jú aláìsàn, yóò sì kọ̀wé béèrè owó. Nítorí náà, ọ̀nà jìbìtì kò ṣòro rò: kí a kọ orúkọ ẹni tí kò sí, kí a béèrè owó iṣẹ́ abẹ tí a kò ṣe, kí a gba owó oògùn lọ́wọ́ aláìsàn, kí a tún gbà á lọ́wọ́ HMO. Owó àwa tí à ń gba owó oṣù ni wọ́n ń jẹ. Bí iná kò bá tán lórí aṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ìwádìí gbọ́dọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní àwọn agbófinró wá sí kílíníìkì kan ní Kabusa láìní ìwé àṣẹ. Wọ́n kó gbogbo fáìlì àti kọ̀ǹpútà sínú ọkọ̀. Aláìsàn tó wá gba oògùn ìtọ̀ ṣúgà lọ́jọ́ kejì kò rí ẹni tó mọ ohun tó ń lò. Nínú fáìlì tí wọ́n kó, wọ́n rí ogún tó fi irọ́ hàn. Kí ni kí adájọ́ ṣe?

Kí a gbé e sórí abala 15. Ẹ̀rí náà lágbára, ó sì ṣe pàtàkì. Ẹ̀sùn jíjẹ owó ìlera ará ìlú kì í ṣe kékeré. Ohun mẹ́ta yìí tẹ òṣùwọ̀n sí ọ̀dọ̀ ìjọba. Ní òdìkejì, wọ́n kó àṣírí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò sí nínú ẹ̀sùn. Wọ́n mọ̀ pé ìwé àṣẹ wà, wọn kò béèrè rẹ̀. A kò sì tíì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni fìyà jẹ wọ́n. Èyí tó kù ni ìkeje, a sì rò pé ibẹ̀ ni ìdí ọ̀rọ̀ wà. Ǹjẹ́ ó nira láti rí ẹ̀rí yìí lọ́nà tó tọ́? Rárá. Orúkọ àwọn tí kílíníìkì béèrè owó lé lórí, ọjọ́, nọ́ńbà àṣẹ àti iye owó ti wà ní ọ́fíìsì HMO àti ní báǹkì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ lọ síbẹ̀ yóò mọ ogún orúkọ tó fura sí. Yóò kọ wọ́n sínú ìbéèrè rẹ̀, adájọ́ yóò sì fún un ní ìwé àṣẹ lórí ogún fáìlì péré. Àléébù tó ba ìwé àṣẹ Abrams jẹ́ ní 1980 kò ní sí níbẹ̀. Nínú irú ẹjọ́ yìí, ó dà bíi pé ó yẹ kí adájọ́ ti ẹ̀rí náà síta. Ṣùgbọ́n bí kílíníìkì bá ti ń jó fáìlì níná nígbà tí wọ́n dé, òṣùwọ̀n yóò yí padà. Ẹwà òfin náà nìyẹn: kò fi ojú kan wo gbogbo ọ̀rọ̀.

Òfin mìíràn tún wà lẹ́yìn aláìsàn. Abala 37 ìwé òfin 1999 dáàbò bo ìkọ̀kọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè yìí. Ní 2001, nínú ẹjọ́ ìgbìmọ̀ tó ń bá dókítà wí, Adájọ́ Emmanuel Ayoola sọ ọ́ di mímọ̀ ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ pé ìkọ̀kọ̀ yìí dé ara àti ẹ̀rí-ọkàn aláìsàn. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014, ní abala 26, wá sọ pé ọ̀rọ̀ aláìsàn jẹ́ àṣírí, àyàfi bí aláìsàn bá fọwọ́ sí i, bí ilé-ẹjọ́ bá pàṣẹ, tàbí bí òfin bá ní kí a sọ ọ́. Ilẹ̀kùn wà, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ilé-ẹjọ́. Kò sí ìdí láti já a.

Ohun tí àwọn kan yóò sọ

Àwọn kan yóò ní olè ni olè ń jẹ́. Bí a bá da ẹ̀rí nù, dókítà tó jẹ owó wa yóò rẹ́rìn-ín lọ ilé. A kò fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí. A ti rí ẹjọ́ àwọn alágbára tó fò sánlẹ̀ nítorí kókó kékeré nínú ìwé, inú wa kò sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: ẹni tí àìtọ́ máa ń bá jù kì í ṣe alágbára. Alágbára ní agbẹjọ́rò tí yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó dá wà ní kílíníìkì lálẹ́ ni kò ní.

Àwọn mìíràn yóò ní kí a gba ẹ̀rí, kí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ pe agbófinró lẹ́jọ́ lábẹ́ abala 46 ìwé òfin. Ọ̀nà Entick nìyẹn, ó sì dára. Ṣùgbọ́n aláìsàn tí àìsàn rẹ̀ di mímọ̀ ní àdúgbò kò ní fẹ́ lọ ṣe àlàyé rẹ̀ níwájú kóòtù. Ìtìjú kì í pẹjọ́.

Àbá

Lákọ̀ọ́kọ́, kí àwa olùkọ́ àwọn olùkọ́ fi abala 14 àti 15 Òfin Ẹ̀rí àti abala 37 ìwé òfin sínú ẹ̀kọ́ ọmọ ìlú rere ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, kí akẹ́kọ̀ọ́ NCE mọ̀ wọ́n kó tó lọ kọ́ ọmọ ẹlòmíràn.

Lẹ́ẹ̀kejì, kí àwọn ẹ̀ka èdè, ti Yorùbá, Haúsá, Ìgbò àti Gbagyi, jọ túmọ̀ àwọn abala wọ̀nyí sí èdè tí nọ́ọ̀sì àti aláìsàn ń sọ. Nígbà tí a bi akẹ́kọ̀ọ́ wa léèrè ohun tí wọn yóò pe ìwé àṣẹ ìyẹlé-wò ní èdè abínibí wọn, púpọ̀ nínú wọn dákẹ́. Ohun tí ènìyàn kò lè pe orúkọ rẹ̀, báwo ni yóò ṣe béèrè rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà?

Lẹ́ẹ̀kẹta, kí àwọn àjọ tó ń wádìí jìbìtì ìlera kọ́kọ́ lọ sí ọ̀dọ̀ HMO àti báǹkì, kí wọ́n dárúkọ aláìsàn àti àkókò sínú ìwé àṣẹ, kí wọ́n sì ṣe ẹ̀dà fáìlì dípò kí wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ lọ, kí ìtọ́jú má baà dúró.

Lẹ́ẹ̀kẹrin, kí àwọn oníkílíníìkì mọ̀ pé wọ́n lè béèrè ìwé àṣẹ, kí wọ́n pe ẹlẹ́rìí láti àdúgbò, kí wọ́n sì gba àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n kó. Bíbéèrè kì í ṣe ìdènà iṣẹ́ òfin.

Ìkádìí

A ti rìn láti ilé John Entick dé ọ̀nà tí Kuruma ti ń gun kẹ̀kẹ́, a sì ti padà sí kọ́bọ́ọ̀dù fáìlì ní Kabusa. Ohun tí ìtàn yìí kọ́ wa ni pé kò sí orílẹ̀-èdè tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òṣùwọ̀n tó dọ́gba. Ẹjọ́ àwọn ènìyàn kéékèèké ló ń tún un ṣe díẹ̀díẹ̀. Nàìjíríà ti ní òṣùwọ̀n tirẹ̀ láti 2011. Ohun tó kù ni kí adájọ́ lò ó, kí agbófinró bẹ̀rù rẹ̀, kí ará ìlú sì mọ̀ pé ó wà. Méjì àkọ́kọ́ kò sí lọ́wọ́ wa. Ẹ̀kẹta wà lọ́wọ́ wa pátápátá, àwa tó ń dúró níwájú kíláàsì.